Ọ̀rọ̀ Tí Kò Rí Ẹnìkejì: Gírámà Ẹnu Wa àti Èdè Tí À Ń Kọ́

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ́ gírámà àti ìhun gbólóhùn, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn èdè mìíràn. Mo dúpẹ́ pé èmi lẹ ránṣẹ́ sí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo wà ní ìwé kejì nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún yẹn, olùkọ́ wa ní kí oníkálukú kọ gbólóhùn kan nípa bàbá rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ "My father have two farm." Ẹgba méjì ni mo jẹ, ọ̀kan fún "have", ọ̀kan fún "farm". Olùkọ́ náà fi yíǹkì pupa kọ "has" àti "farms" sí i, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Kò sọ ìdí. Mo rò ó títí mo fi délé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju "Bàbá mi ní oko méjì" lọ. Nínú gbólóhùn yẹn, "ní" kì í yí padà, ìbáà ṣe èmi ni mo ní in, ìbáà ṣe bàbá mi, ìbáà ṣe gbogbo ìlú. "Oko" pàápàá kì í yí padà, torí "méjì" ti kà á tán. Òfin ni mo tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òfin ilé wa ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí èmi náà di olùkọ́, tí mo mú yíǹkì pupa dání, mo rí i pé gbólóhùn mi àtijọ́ yẹn ṣì ń bọ̀ lọ́dọọdún láti ọwọ́ àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí mo kọ ọ́. Ohun tí mo bá wá síbí nìyí: èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe tí ọmọ Yorùbá ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, òfin Yorùbá ló ń pa mọ́. Bí olùkọ́ kò bá mọ òfin náà, yóò máa na ọmọ nítorí ìgbọràn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dùn mí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gboyè yunifásítì pé Yorùbá kò ní gírámà, pé bó bá ṣe wu èèyàn ló ń sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ jáde: "Ó ra ìwé." Ẹ wá fi arọ́pò orúkọ dípò ìwé náà: "Ó rà á." Ẹ gbọ́ ọ? Ohùn "ra" ti wálẹ̀. Ẹ sọ "Ó jẹ ẹran", kí ẹ tún sọ "Ó jẹ ẹ́". Ẹ sọ "Ó rí Adé", kí ẹ tún sọ "Ó rí i". Nínú "rà á" àti "jẹ ẹ́", òkè ni ohùn arọ́pò náà wà. Nínú "rí i", àárín ni. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti gba ohùn òkè, arọ́pò tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀ á rọra jókòó sí àárín; bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà ní àárín tàbí nísàlẹ̀, arọ́pò náà á gòkè. "Yín" nìkan ló ń ṣe tirẹ̀, òkè ló ń wà nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ náà sì ní òfin tirẹ̀: bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, á gòkè sí àárín, bí kò bá sí, á padà sáyè rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ní Ìṣẹ́yìn kì í ṣì í. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ, kò sí ẹni tó nà án nítorí rẹ̀, kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ bá bi í. Ohun tí a ń pè ní gírámà gan-an nìyẹn: ìmọ̀ tó ti wà lẹ́nu kí ó tó wà nínú ìwé.

Ìwé dé lẹ́yìn, ó sì sábà máa ń dé pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn. Ìwé gírámà Panini ní ilẹ̀ Íńdíà, tó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ, tí òfin inú rẹ̀ súnmọ́ 4,000, èdè tirẹ̀ gan-an ló kọ ọ́ fún, ìyẹn Sanskrit, ìdí nìyẹn tí ó fi bá a mu bí awọ ṣe ń bá ìlù mu. Àwọn Gíríìkì náà ṣe tiwọn. Ìwé tí a mọ̀ mọ́ Dionysius Thrax pín ọ̀rọ̀ wọn sí ìsọ̀rí mẹ́jọ. Àwọn ará Róòmù wá gba ìsọ̀rí mẹ́jọ náà lọ́wọ́ Gíríìkì. Ṣùgbọ́n Látìn kò ní irú ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "the", èyí tí Gíríìkì ní. Méje ló yẹ kó kù. Wọn kò gbà. Wọ́n mú àwọn ọ̀rọ̀ bíi "yéè!" àti "háà!", wọ́n fi dí àyè náà, kí ó ṣáà lè pé mẹ́jọ. Ọwọ́ Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Ìwé gírámà Lindley Murray, tó jáde ní 1795, tàn ká ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ náà ló sì bá àwọn míṣọ́nnárì wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Áfíríkà.

Ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther ti bá a. Mo ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ lọ. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú omi, ó gúnlẹ̀ sí Sàró ní 1822 láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Nígbà tó fi máa di 1843, ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1852, ó tẹ ìwé gírámà. Ẹ wo ibi tí ó jókòó sí: àárín èdè méjì, ọ̀kan tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ, ọ̀kan tí ó fi ojú ara rẹ̀ kọ́. Bí ó ti mọ Yorùbá tó, àgbékalẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Látìn. Bowen, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, tẹ tirẹ̀ ní 1858, pẹ̀lú àgbékalẹ̀ kan náà. Ó pẹ́ kí a tó rí ẹni tó wo Yorùbá lójú tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé gírámà rẹ̀ ní 1966, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀ lé e ní 1978, àwọn méjèèjì sì fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí ohùn òkè kékeré tó máa ń dé sí ìparí olùwà nígbà tí a bá sọ pé "Ọmọ́ lọ". Ọ̀kan ní àmì ìbáramu olùwà ni. Èkejì ní iṣẹ́ àsìkò ló ń ṣe. Inú mi dùn sí àríyànjiyàn yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohùn kan ṣoṣo, tí a kì í tilẹ̀ í kọ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ni ọ̀mọ̀wé méjì ń fún ní ọlá tí wọ́n ń fún ọ̀rọ̀ Látìn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe ń ṣe é nínú kíláàsì. Mo máa ń kọ gbólóhùn méjì sórí pátákó, Yorùbá lókè, Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà láti orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn tí mo torí rẹ̀ jẹ ẹgba.

Bàbá mi ní oko méjì.
My father has two farms.

"Bàbá" lọ bá "father", "mi" lọ bá "my", àwọn ilà méjèèjì sì kọ ara wọn bí oríta. "Oko" lọ bá "farms", "méjì" lọ bá "two", oríta mìíràn. Ọmọ á rí i fúnra rẹ̀ pé Yorùbá a máa gbé orí kalẹ̀ kí ó tó ṣàlàyé rẹ̀: ilé ńlá, aṣọ funfun, oko bàbá mi, ọmọ méjì. Ẹ̀yìn orí ni Yorùbá ń kó ẹrù sí. Iwájú orí ni Gẹ̀ẹ́sì ń kó tirẹ̀ sí. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ì bá fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn ti wà nínú oríta méjì yẹn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń béèrè pé: èwo ni kò rí ẹnìkejì? Wọ́n á wò ó, wọn á rí "s" tó wà ní ìdí "has" àti "s" tó wà ní ìdí "farms". Àwọn méjèèjì dá dúró. Ohun tí a ní láti kọ́ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ti rí ẹnìkejì, ọmọ ti mọ̀ ọ́n láti ilé.

Kí wá ni "s" méjèèjì ń ṣe níbẹ̀? Mo kọ gbólóhùn mẹ́rin sí pátákó.

Ọmọkùnrin yẹn ń kàwé. Ọmọkùnrin méjì yẹn ń kàwé.
That boy is reading. Those two boys are reading.

Nínú Yorùbá, "méjì" nìkan ló wọlé. Gbogbo ìyókù dúró síbi tí wọ́n wà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "two" wọlé, "that" di "those", "boy" di "boys", "is" di "are". Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Gẹ̀ẹ́sì sọ pé wọ́n ju ẹnì kan lọ. Yorùbá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbà pé olùgbọ́ ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àsìkò. Ọmọ á kọ "I go to market yesterday", a ó sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ "Mo lọ sí ọjà lánàá." "Lánàá" ti sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, "lọ" kò ní ìdí láti yí padà. Lójú ọmọ náà, "yesterday" ti parí iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ní kò tíì parí, àfi kí "go" di "went" pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti gbà pé èdè kan wà tó ń sọ nǹkan ní ẹ̀ẹ̀mejì àti ẹ̀ẹ̀mẹta, tí kì í ṣe pé òmùgọ̀ ni àwọn, àṣìṣe wọn a máa dín kù. Mo ti rí i ní kíláàsì tó ju ọ̀kan lọ.

Ìdí tí mo ń wá lọ́jọ́ tí mo jẹ ẹgba náà wà. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún ìdí oríṣiríṣi: ọ̀rọ̀-ìṣe ń yí padà fún èmi, fún ìwọ, fún òun, fún wa, ọ̀rọ̀-orúkọ ń pín sí akọ àti abo àti èyí tí kò jẹ́ ọ̀kankan. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n já bọ́. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ṣì máa ń rí "goeth" àti "cometh". "S" tó wà ní ìdí "goes" òde òní ni ó kù lára àwọn tó já bọ́ yẹn, bí òpó kan tó kù nínú ilé tó ti wó. Ọmọ tí a bá sọ èyí fún kì í gbàgbé òpó náà mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló sì ń gbà.

Ẹyọ kan wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì nìkan. Bí mo bá bi yín pé, "Ṣé ẹ kò tíì jẹun ni?", tí ẹ kò sì tíì jẹun, kí lẹ ó dá mi lóhùn? "Bẹ́ẹ̀ ni", tàbí "Ẹ̀n, a kò tíì jẹun". Yorùbá ń dáhùn sí ọ̀rọ̀ tí olùbéèrè sọ: òótọ́ lo sọ, tàbí irọ́ lo pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Jàpáánù ń ṣe. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í wo ọ̀rọ̀ olùbéèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń wò. "Haven't you eaten?" Bí n kò bá tíì jẹun, "No" ni. Ẹ wá fi bàbá arúgbó kan sórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi nǹkan kan kan ẹnu láti òru. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "You haven't eaten anything this morning?" Bàbá fi gbogbo ara dáhùn pé "Yes", ìyẹn ni pé òótọ́ ni, n kò jẹun. Nọ́ọ̀sì lè gbọ́ pé ó ti jẹun. Tàbí ẹ fi ẹlẹ́rìí kan sí iwájú adájọ́, kí agbẹjọ́rò bi í pé, "Didn't you see him there?" Ẹnu tó ń sọ òótọ́ ni, òótọ́ náà sì dé etí olùgbọ́ ní òdìkejì. Mo ti wo ìwé gírámà tó pọ̀ tí a ń lò nílé ẹ̀kọ́ wa. Èyí tó ṣàlàyé nǹkan yìí fún ọmọ Yorùbá kò tó nǹkan. Wọ́n ń fi ojú ìwé mẹ́wàá kọ́ wọn ní orúkọ tí a ń pe oríṣi ọ̀rọ̀, wọn kì í sì í kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ wọn láti máa fi gbólóhùn tó pé dáhùn: "I have not eaten." Ìyẹn kì í ṣì ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ti "he" àti "she" ńkọ́? N kò ní pẹ́ níbẹ̀. "Ó" kì í béèrè ọkùnrin tàbí obìnrin, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ogún ọdún fi lè pe ìyá rẹ̀ ní "he" nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àìmọ̀. Etí tó bá dàgbà láìpín akọ àti abo, ó ń gba àkókò kí ó tó máa pín wọn láìronú.

Ẹnì kan lè rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló le. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí èdè tó le fúnra rẹ̀. Ibi tí o ti ń bọ̀ ló ń mú kí ọ̀nà jìn tàbí kí ó kúrú. Ẹ mú ọmọ Yorùbá kan láti Kétu tàbí Pọbẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, tó ń kọ́ Faransé. Nígbà tí olùkọ́ bá ní kó sọ aṣọ funfun, "chemise blanche" ni, aṣọ ṣáájú, funfun tẹ̀lé e, bí ó ti gbọ́ ọ nílé. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé "tu" ni fún ọ̀rẹ́, "vous" ni fún àgbà, kò sí ohun tuntun níbẹ̀: "o" àti "ẹ" ni. Bí wọ́n bá sì fi gbólóhùn tó ní "kò" bi í léèrè, tó fẹ́ já olùbéèrè ní koro, Faransé ní ọ̀rọ̀ kékeré kan pàtó fún un, "si", bí àwọn ará Jámánì ṣe ní "doch". Ibi tí ọmọ Kétu ti máa ń kọsẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti sọ fún un pé tábìlì jẹ́ abo, ìwé sì jẹ́ akọ. Ọmọ Ìṣẹ́yìn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro yẹn, ó ní tirẹ̀. Ilé kan náà làwọn méjèèjì ti jáde, ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà.

Ibi tí mo ti rí ìlànà ilà fífà yìí, ẹ lè má retí rẹ̀. Ilé-kéwú ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń jókòó sórí ẹní ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, ní Ìwó, níwájú ìwé Àjúrúmíyà. Ibn Ajurrum, ará Fez ní Mòrókò, tó kú ní 1323, ló kọ ọ́, ìwé kékeré tó ń kọ́ni ní nahwu, ìyẹn gírámà Lárúbáwá. Ó pín ọ̀rọ̀ sí mẹ́ta péré: ism, fi'l, harf, orúkọ, ìṣe, àti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń so wọ́n pọ̀. Aláàfáà á ka gbólóhùn kan, àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù ni "Daraba Zaydun Amran", á sì máa túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: daraba, ó lù; Zaydun, Zayd ni ó lù ú; Amran, Amr ni ẹni tí wọ́n lù. Ọmọ á gbọ́ pé ìṣe ló ṣáájú níbí. Á sì gbọ́ pé "un" tó wà ní ìdí Zayd ló sọ ọ́ di olùwà, "an" tó wà ní ìdí Amr ló sọ ọ́ di àbọ̀, débi pé bí a bá pa àyè wọn dà, Zayd náà ni yóò ṣì máa jẹ́ ẹni tó lu èkejì. Nínú Yorùbá, ẹ pa àyè wọn dà wò: "Ajá bu Adé jẹ", "Adé bu ajá jẹ". Àyè ni ohun gbogbo lọ́dọ̀ wa. Ọmọ kéwú tó jókòó síbẹ̀ ti kọ́ gírámà èdè méjì ní ìjókòó kan, nítorí aláàfáà kò fi Yorùbá sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori ṣètò Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tó wà ní Agége, pẹ̀lú tábìlì àti pátákó, ó tún ètò ẹ̀kọ́ náà ṣe, àwọn tó ti ibẹ̀ jáde sì ń kọ Lárúbáwá tó já gaara. Èmi tí mo jẹ́ Kristẹni ni mo ń sọ èyí, pẹ̀lú ìmoore.

Ṣùgbọ́n nílé ẹ̀kọ́ tí èmi lọ, Yorùbá wà lára ohun tí a kọ mọ́ ògiri pé ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ a san owó ìtanràn. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn òbí sì ń sanwó fún un pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n gbà pé Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. A ti dán èyí wò ní gbangba. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú; olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àbájáde rẹ̀ di ìwé ní 1989. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì ṣẹ́yìn. Èmi kò rí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí olùwà wà nínú gbólóhùn ìyá rẹ̀ kò ní pẹ́ kó tó rí i nínú ti ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lónìí kò gba owó. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa, olùkọ́ Yorùbá ń kọ́ wọn ní olùwà àti àbọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ àwọn ọmọ kan náà ní "subject" àti "object" lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn méjèèjì kò tíì jókòó pọ̀ rí. Ọmọ ń gbé orúkọ méjì fún nǹkan kan láìmọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Kí àwọn olùkọ́ méjèèjì máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n fi ìwé ètò ẹ̀kọ́ wọn han ara wọn, kí èyí tó bá ṣáájú dé ọ̀rọ̀-atọ́kùn dúró de èkejì. Ẹ má sì ṣe rò pé òfin nìkan ló ń sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́nu dídùn. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè púpọ̀, tí kò kà á púpọ̀, òfin á máa dá wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọkọ́ tí kò kan ilẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ilà méjì lórí pátákó mọ ohun tí yóò tẹ́tí sí nígbà tí ó bá ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa "did" kí n tó jókòó. "Ṣé o jẹun?" "Did you eat?" Ọmọ á kọ "Did you ate?" Ní JSS 1 níbi tí mo kọ́ni kẹ́yìn, mo ní kí wọ́n fa ilà. "Ṣé" lọ bá "did". Ọmọbìnrin kan ní ilà náà kò tọ́, nítorí "ṣé" kò mọ àná, béèrè nìkan ló ń béèrè. Mo ní kí ó wá ṣàlàyé. Ó ní "did" ti gba àná lọ́wọ́ "ate", ó gbé e sí iwájú, ìdí nìyẹn tí "ate" fi padà di "eat". Mo ti ń kọ́ni láti bí ọgbọ̀n ọdún, n kò tíì gbọ́ ọ báyìí rí.

Mo wá kọ ohun tó le sí i.

Adé ra ìwé. Adé ni ó ra ìwé. Ìwé ni Adé rà.

Lábẹ́ rẹ̀, mo kọ "Ade bought the book" lẹ́ẹ̀mẹta. Gẹ̀ẹ́sì lè fi "It was Ade who" bẹ̀rẹ̀ bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ tọ́ka sí "rà" tó wà nígbẹ̀yìn, ó ní ó ti padà sísàlẹ̀ nítorí pé ìwé ti fi í sílẹ̀ lọ síwájú. Lẹ́yìn náà, ó fa ilà títí tó fi kan "ni". Kò rí ibi tí yóò fà á sí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni wọ́n fi 'ni' sí?"

Mo ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àkọ́kọ́, mo kà á lásán. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo tẹ ohùn mọ́ "Ade". Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ "book". Kíláàsì dákẹ́. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Nígbà náà ló mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ilà láti ìdí "ni", ó gbà á kọjá gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà títí dé etí pátákó, ó sì ya ẹnu kékeré kan síbẹ̀.